Ọdún Kọkànlá Tí Mo Ti Ń Yan Kẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Yìnyín ò tíì kúrò létí adágún, Ọ̀gágun sì ti pè. Ragna ẹ̀gbọ́n mi ni Ọ̀gágun — ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó ń gun kẹ̀kẹ́ gba etí adágún Superior lọ sùn nínú àgọ́ ní oṣù kẹfà ọdọọdún. Òun nìkan. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ní ká jọ lọ. Ọdún mọ́kànlá náà ni mo sì ti ń sọ pé mi ò tíì rí kẹ̀kẹ́ tó yẹ mí.

Lónìí ó ní: "Dagny, mi ò ní bẹ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn èyí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà. Tó o bá wá, o wá. Tó ò bá wá, ó tán nìyẹn." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò mọ ẹni tó yá ẹnu mi lò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹrin

Ká má purọ́ fún ìwé. Ọ̀gágun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Láti kékeré ló ti ń bẹ́ sódò láti orí àpáta, tí èmi á dúró lókè máa sunkún. Mi ò fẹ́ kó dúró lórí òkè kan máa wò mí bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Àfi kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ ló lè bo àṣírí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹrin

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Ọmọkùnrin tó ni ín, irùngbọ̀n ẹ̀ dé àyà — Onírùngbọ̀n ni màá máa pè é. Ó mú kẹ̀kẹ́ onírin kan wá, táyà ẹ̀ fẹ̀, káríà wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Ó ní èyí ló máa gbé mi dé ibikíbi, pé irú ẹ̀ gan-an lòun máa rà fún màmá òun. Mo ní ṣé mo jọ màmá ẹ̀ ni. Ó wò mí dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ kẹ̀kẹ́ náà ní Ìyá Àgbà. Mo kọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹrin

Verlyn ọkọ mi bá mi ní kíṣìnnì, mò ń wọn ìbọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ìbọ̀sẹ̀ la máa jẹ lálẹ́ yìí ni?" Mo ti kà á pé àwọn tó mọ̀ nípa ìrìn àjò kẹ̀kẹ́ kì í gbé ohun tí kò pọn dandan. Mo fi ayùn gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi sọ nù.

Lẹ́yìn náà mo jẹ páì, ege mẹ́ta. Mi ò wọn ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún

Mo ti ra kẹ̀kẹ́! Pupa fòò. Ìka méjì ni mo fi gbé e sókè. Ayaba lorúkọ ẹ̀.

Onírùngbọ̀n bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Mà, ẹrù yín ńkọ́?" Mo ní mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n ẹ̀, ó ní, "Ó dáa o. Ó yàtọ̀." Nílùú wa níbí, ẹni tó bá sọ pé ọbẹ̀ rẹ yàtọ̀ kò ní bu àfikún. Ó yẹ kó ti yé mi nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún

Mo gbé Ayaba sókè lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí. Mi ò tíì gùn ún kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Mo ra káríà tí màá di ẹrù mọ́. Mo wọ gáréèjì lọ dè é. Mo wo ẹ̀yìn Ayaba, mo wo iwájú, mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Kò sí ihò tí bóòtù káríà lè wọ̀. Kò sí rárá! Mo pe Onírùngbọ̀n. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ — ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ — pé kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, wọn ò ṣe é kó gbé nǹkan kan yàtọ̀ sẹ́ni tó ń gùn ún. Ó ní òun lè gbà á padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra Ìyá Àgbà lọ, òmíràn ò ní dé kí oṣù yìí tó parí.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò sunkún, mi ò sì ríran.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Àwáwí tó dáa jù láti ọdún mọ́kànlá rèé, èmi kọ́ ni mo wá a. Mo ti kọ́ ọ sórí: ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kẹ̀kẹ́ ni. Verlyn jókòó, ó ń gbọ́. Mo pè.

Ọ̀gágun ní, "Ihò ni kò ní?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Máa gùn ún bọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi á gbé àgọ́, èmi á gbé ìkòkò, èmi á gbé àpò ìsùn ẹ. Ṣáà wá, Dagny. Jọ̀ọ́."

Mi ò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu ẹ̀ rí. Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Àpò ẹ̀yìn kan. Ìbọ̀sẹ̀ méjì. Búrọ́ọ̀ṣì tí ìka mi ò lè dì mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Níbùdó. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú Two Harbors. Èmi ni mo kọ́kọ́ dókè! Mo yọ̀, mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gágun ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bọ̀, àpò ìsùn mi wà lórí tiẹ̀, òógùn ń kán. Ojú tì mí. Mo fi Ayaba sílẹ̀ nínú koríko, mo sọ̀ lọ bá a, mo ń tì í lẹ́yìn.

A débí. Mo jókòó kí n wo bí àgbà ṣe ń pàgọ́. Ó da gbogbo ọ̀pá àgọ́ sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó so méjì pọ̀, ó tú wọn. Ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pa á ṣì wà nínú ọ̀rá, wọn ò tíì já a. Mo bi í bóyá àgọ́ tuntun ni.

Ó ní, "Rárá." Ó jókòó sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé e kiri. Mi ò sùn nínú ẹ̀ rí."

Ó ní lọ́dọọdún lòun ń débí, òun á jókòó títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Tí nǹkan kan bá ti dún nínú igbó, òun á gun kẹ̀kẹ́ padà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ márààrún. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Kí n sọ fún ìwọ? Ìwọ tó ò ń wò mí bíi pé mi ò lè bẹ̀rù? Kí lo rò pé mo ń bẹ̀ ọ́ fún látọjọ́ yìí, Dagny? Mi ò lè dá a sùn ni."

Mo sunkún. Mo tún rẹ́rìn-ín, torí omùgọ̀ ni mí. Òun ń dúró dè mí, èmi ń dúró de kẹ̀kẹ́.

A já ọ̀rá, a jọ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àgọ́ ti dúró. Ó wọ́ díẹ̀. A ti wọlé. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dún nínú igbó báyìí, Ragna sì ti di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ òsì ni, èyí tí mi ò fi kọ̀wé.