Àdírẹ́sì Tí Bàbá Rẹ Fi Irin Gbígbóná Kọ

Ọkọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá bínú sí ọ. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àbúrò rẹ sì ti fi ọ̀dà tuntun kun ṣọ́ọ̀bù àga bàbá yín.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní àdírẹ́sì àwọn àga wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gùn jù, àmì ìbéèrè àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, o sì ti sọ ọ́ di kúkurú tí ojú lè kà. Ó dáa, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí pé irin gbígbóná ni bàbá rẹ, kí ó tó kú, fi kọ ti àtijọ́, tòun ti nọ́ńbà àga, sí abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá tún fẹ́ irú rẹ̀ lè rí wa? Ta ló máa lọ dorí àga kodò nílé oníbàárà, tí yóò máa fi sanpépà ha á?

O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ti kọ òfin fún sáfà tó ń dá àwọn tó bá wá wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóhùn, pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ wá, òun ni yóò mú un lọ sí tuntun. Ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru, lórí ìdúró? Mo bi ọ́ ìgbà tó ń jẹun, o bú sẹ́rìn-ín.

Lánàá mo dán an wò. Mo dorí àga kan kodò nínú yàrá, mo kọ́kọ́ kí sáfà kú ìdúró, mo wá ń fi fóònù tẹ ohun tí bàbá rẹ kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló sọ. Àbúrò rẹ wá wò ó, ó ní ọgọ́ta àga ni o kọ sínú òfin, nọ́ńbà kọkànlélọ́gọ́ta ni mo tẹ̀. Èyí tí bàbá rẹ kàn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n ni, tí a ò tà, tí a ò sì sọ fún ọ.

Nítorí náà, owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, kí o fi fún sáfà, kó fi jẹun dáadáa. Oúnjẹ wà nílé. Kí o wá rọra bá a sọ̀rọ̀, kó fi ọ̀kan kún ọgọ́ta náà. Bàbá rẹ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí, má jẹ́ kí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ di irọ́ lẹ́yìn tó ti lọ. Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tí kò ní gbàgbé rẹ. Sọ fún sáfà pé àga náà wà, òun ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.