Orúkọ Màmá Wa Lórí Pátákó

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
14 Oṣù Kẹta, 2025.

Ayọ̀mídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi ń túfọ̀ fún ọ pé pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Olúwakẹ́mi, ti papòdà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó fi ìṣó mẹ́rin sílẹ̀ sáyé lọ.

Ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyàwó àti ọmọ ńkọ́? Má bínú pé mi ò pè ọ́. Bí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí tí mo fi gbé lẹ́tà fún awakọ̀.

O mọ ṣọ́ọ̀bù náà: ÀTỌ́KẸ́ KẸ́MÍSÌTÌ, orúkọ màmá wa tó ti sinmi. Lọ́dún tó kọjá, èmi ọmọ pólì ni mo ní kí Àǹtí gba nọ́ńbà ìṣòwò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù kan. Bí èèyàn bá pè é, ohùn ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sọ pé àwọn ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ àwọn lè dára sí i. Kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí i. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ká mú ìbéèrè àṣírí kan, kí ẹlòmíì má baà rí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mo mú orúkọ ìyá. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá.

Túnráyọ̀, ìyàwó Adéjàre tíṣà ìṣirò ní Inisa, máa ń pe nọ́ńbà yẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta nítorí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ọmọ márùn-ún ti tó o. Ọkọ rẹ̀ ní ó ku ẹ̀kẹfà. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé, “Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n o.”

Ọkọ fura; ó pe nọ́ńbà wa, ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a ti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró níwájú rẹ̀, ó pe ilé-iṣẹ́ náà, ó ní òun lòun ni kẹ́mísìtì. Nígbà tí a lọ fẹjọ́ sùn wọ́n, wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ohùn tirẹ̀ náà tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kedere ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ ìyá yín?”

“Ìyá mi kẹ̀? Ẹ dúró ná.” Ó ń gbójú sókè ka pátákó. “Àtọ́kẹ́.”

“Ẹ ṣeun sà. Ọlọ́run á dá màmá sí fún yín.”

Ó ṣe Àmín.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ oṣù méje ránṣẹ́ sí i. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Túnráyọ̀ ò fọ́. Wọ́n tò ó pamọ́ ni, wọ́n wá gbé e fún ọkọ rẹ̀.

Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí Túnráyọ̀ ti wà nílé bàbá rẹ̀ ní Òkukù, òun àti ọmọ ọwọ́. Mẹ́rin tó kù wà ní Inisa. Adéjàre ní àfi kó búra pé òun ò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́ kó tó lè padà. Kò tíì búra. A lọ bẹ̀ ẹ́ ní Òkukù. Kò bú wa. Ó kàn ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà ń gbà mí sílẹ̀ báyìí ni?”

Lánàá, Àǹtí fọwọ́ ara wọn yọ pátákó, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tún ní fi orúkọ màmá wa ṣe irú èyí mọ́. Orúkọ bàbá wa la kọ sí tuntun: MATTHEW KẸ́MÍSÌTÌ. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ará ilé. Má ka lẹ́tà yìí sókè nítòsí fóònù.

Èmi tí mo kọ fọ́ọ̀mù,
Olúwatìmílẹ́yìn.

Mo ti ń lẹ àpòòwé nígbà tí èyí wọ orí fóònù Àǹtí:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ. Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, àṣírí yín jẹ wá lógún. Láti fi kún ààbò yín, a ti yí ìbéèrè àṣírí yín padà. Láti òní lọ, orúkọ bàbá yín, bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù, la ó máa béèrè.