Páálí Kẹ̀kẹ́ Ẹ Ti Wà Lọ́nà

Ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kó o tó ka lẹ́tà yìí. Bí omi bá wà nítòsí, mu díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró: aago ara kẹ̀kẹ́ ẹ ò dún mọ́. Bàbá ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún dákẹ́. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlàáfíà la wà. À ń gbàdúrà pé bó o ṣe ń jí ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì yẹn, ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ, iná ààrò ò ní jó ẹ, wàá sì rí ojúure ọ̀gá ẹ.

A gbọ́ ohun tó o sọ lórí fóònù, pé ọ̀gá náà ní bó o bá tún pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan péré, kó o má wulẹ̀ wọlé, kó o kọrí sílé. A gbọ́ pé ọkọ̀ kì í tíì sí lójú ọ̀nà lásìkò tó o máa ń jáde, àti pé kẹ̀kẹ́ ẹ nìkan ló lè yọ ẹ́. Má fòyà. Ẹni tó ní ìyá bí èmi kì í fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn akẹ́rù tó máa gbé e wá bá ẹ ní kẹ̀kẹ́ kì í wọ páálí lódindi, pé ká tú u. Àbúrò mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Bùọ̀dá Ẹ-fọkàn-balẹ̀ yín, kó sípánà ẹ̀ wá. Ó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó yọ pẹ́dà, ó yí ọwọ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tú afẹ́fẹ́ inú táyà dà nù. Bàbá ẹ ní kí ló dé tí a ò fi afẹ́fẹ́ ilé ránṣẹ́ sọ́mọ, nígbà tí a ò mọ irú èyí tí wọ́n ń tà nígboro. Àbúrò mi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

A dì í, a fi okùn wé e yíká, ó wá rí bí ọmọ tuntun. Ìgbà tí a ṣe tán la rántí pé ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù jìnnà, kò sì sí ohun tó lè gbé páálí náà débẹ̀ nílé wa àfi kẹ̀kẹ́. Bí a ṣe tú u nìyẹn. Àbúrò mi tò ó pọ̀ padà, a gbé páálí lé e lẹ́yìn, a gbọ̀nà. Bàbá ẹ bi wá pé kí ló wà nínú páálí. A ní kẹ̀kẹ́ ni.

Nígbà tí a débẹ̀, a tún tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní ká wá nǹkan dí gbogbo àyè tó ṣófo, kí ẹrù má baà máa mì. Ọ̀rọ̀ ọmọ gidi nìyẹn. Ta ní í di ẹrù ránṣẹ́ sọ́mọ kó fi àyè sílẹ̀? Mo ti di àpò kan lọ tẹ́lẹ̀: aṣọ ìbora, ìkòkò irin àti ọmọrí ẹ̀, áyọ́ọ̀nù, àti àpótí ìjókòó tó o fi ń jẹun ní kékeré. A kó gbogbo ẹ̀ wọlé. A mi páálí, kò mì.

Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ọmọbìnrin náà ní ó ti wúwo jù, pé a gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan. Mo yọ aṣọ ìbora, kò ran nǹkan kan. Èmi kì í fi àkókò ṣòfò, mo bi í pé kí ló wúwo jù níbẹ̀. Ó rọra ní kẹ̀kẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó wò mí, ó wo àbúrò mi, àbúrò mi ní kó fọkàn balẹ̀. Òṣùwọ̀n gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì dá aṣọ ìbora padà. Ó ní òun ò lè kọ kẹ̀kẹ́ sára páálí tí kò sí kẹ̀kẹ́ nínú ẹ̀, la bá sọ aago sí i, ó wá kọ ọ́ pé “kẹ̀kẹ́, apá kan”. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, torí ilẹ̀ ti ń ṣú, àbúrò mi tún tò ó pọ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn náà la gùn délé.

Wọ́n ya ọfà tó kọjú sókè sí páálí lára, inú mi dùn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n kọjú ẹ̀ sí. Wọ́n tún fún mi ní nọ́ńbà tí a ó fi máa mọ ibi tí ẹrù dé. Mo pè é, ohùn kan ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ó dájú pé eré ló ń sá lọ́wọ́, kò ráyè gbé e.

Sọ fún ọ̀gá ẹ pé kẹ̀kẹ́ ti wà lọ́nà, èyí tó kù á bá páálí kejì wá. Jọ̀ọ́, fi owó páálí náà ránṣẹ́, àti owó ọṣẹ, àti nǹkan díẹ̀ fún bàbá ẹ, tí ọ̀rọ̀ aago yẹn ṣì ń dùn.

Ọ̀nà á là fún ẹ. Wàá ṣiwájú àwọn tó ṣáájú ẹ jí. Oúnjẹ ẹ ò ní bọ́ lẹ́nu ẹ.

Èmi ni, ìyá ẹ.

Wọ́n ní kí n da ohun tó wà lẹ́yìn rìsíìtì wọn kọ sí ẹ. Mi ò fara balẹ̀ kà á, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n ń kí ẹ kú oríire:

ÀKÍYÈSÍ PÀTÀKÌ. Ilé iṣẹ́ yìí kì í gbé ẹrù délé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ẹrù ni yóò wá gbà á fúnra rẹ̀, ní ìdájí nìkan. Nítorí bí òpópónà wa ṣe há, a kò gba ọkọ̀ láyè. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá.