Oògùn Ìrora Tí Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀

Olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi kú ní oṣù tó kọjá. Jẹjẹrẹ ló pa á. Ẹ má kí mi kú ará fẹ́ra kù, mo ti gbọ́ ọ tó.

Oògùn olómi kan ló ń jẹ́ kó rí oorun sùn. Ìjọba ń ṣọ́ oògùn náà bí ẹyinjú, nítorí àwọn tó ń mu ún yó. Làwọn ará ilé wa bá sọ ìyàwó mi di ajoògùnyó. "Ìyá àgbà ti tún yó o!" Ẹni tí kò lè dá jókòó, kí ló fẹ́ fi yíyó ṣe? Télọ̀ tó ń gbé lókè wa ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Lánàá, télọ̀ yìí kan ilẹ̀kùn mi. Àìsàn kan náà ti dá ìyàwó tiẹ̀ wó, oògùn sì ti tán nílé ìwòsàn.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù."

"Oògùn ajoògùnyó yẹn náà?"

Ó dọ̀bálẹ̀. Mò ń gbọ́ igbe obìnrin náà lókè.

Nọ́ọ̀sì ni àkọ́bí mi tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá fún ẹlòmíì ní irú oògùn yìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ mi, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti sú mi. Ìgò oògùn náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá ẹ. Ìwọ lo mọ oògùn, ìwọ lo mọ òfin. Ohun tó o bá ṣe, èmi ni mo ṣe é.