Bàtà Eré Ìje Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀, òrùlé ilé ìdáná ò sì jò mọ́. Ní báyìí tí mo ti lọ kọ́ ìwé kíkọ ní kíláàsì àwọn àgbà, èmi fúnra mi ni mo kọ èyí. Kò sí akọ̀wé tó máa bá mi fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ há jù. Ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà tí dókítà ṣe fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ò wọ inú rẹ̀. O wá pè é lórí fóònù pé, "Yọ ti dókítà dànù." Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ọmọ yọ ọ́, ó sáré, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìje ilé ìwé sì kọjá lójú rẹ̀.

Mo mú òun àti ìtẹ́lẹ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sáré ni?"

Mo ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ lé."

Mo ń yọ ìtẹ́lẹ̀ tó bá bàtà kọ̀ọ̀kan wá, mo ń ki ti dókítà bọ̀ ọ́, títí a fi rí èyí tó jinlẹ̀, tí gìgísẹ̀ ò yọ nínú rẹ̀.

Tìrẹ ń padà bọ̀. Wọ̀ ọ́ fúnra rẹ.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ láéláé. Ṣùgbọ́n pe ọmọ náà, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o tó pè mí.

Ìyá rẹ