Olóògbé Múdàṣírù Àjàlá, Atukọ̀ Tó Wọṣẹ́ Sójà (1931–1959)

Ẹ̀pẹ́ ni a bí Múdàṣírù sí lọ́dún 1931, nínú ẹbí Àjàlá, ìran àwọn tó ti Èkó wá tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún 1851. Apẹja ni Sàlímọ́nù bàbá rẹ̀. Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ. Múdàṣírù ka Kùránì parí, ó sì kàwé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń tu ọkọ̀ èrò láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn.

Èjìnrìn ló ti bá Bàdírù pàdé, atukọ̀ bíi tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣẹ̀rífátù bí. Lọ́dún 1952, àwọn méjèèjì fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Ṣẹ̀rífátù kọ̀. Múdàṣírù dọ̀bálẹ̀: "Ìyá, ọwọ́ mi yìí ni màá fi fà á padà wá fún yín." Ìyá gbà.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ìpakodò, wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Bàdírù kúrú, ó sanra. Bẹ́líìtì ìjọba kò yí i ká. Múdàṣírù ga bí ọ̀pá. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dé orúnkún. Bí sájẹ́ǹtì bá ní kí wọ́n yà sósì, ọ̀tún ni wọ́n ń yà sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ kọrí sósì, apá ọ̀tún ní í ti tu ú. Ó ti mọ́ wọn lára. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá òyìnbó wá yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n forí gbá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbogbo ìlà wó lulẹ̀, fìlà ọ̀gá bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ní: "Ẹ̀yin ará omi, ṣé ẹja lẹ wá gbógun tì?"

Bàdírù ní: "Sà, ẹja kì í pariwo mọ́ni báyìí."

Wọ́n lé àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìkòkò omi gbígbóná ti dà lé Bàdírù lórí lọ́dún 1954. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Wọ́n sin ín sọ́hùn-ún.

Múdàṣírù gba ìdásílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ sójà, ó kó aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí Èjìnrìn. Kò lè wọlé. Ṣẹ̀rífátù bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, Ìyá."

Ìyá gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọlé, wá jẹun."

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ ọjà Èjìnrìn tí Múdàṣírù kò gbé ẹja àti igi ìdáná lọ fún un. Òun ló tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ Mùlíkátù lọ́dún 1955. Kì í pa ìrun jẹ. Ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé aláìsàn kọjá omi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó sọ ìtàn sójà, á sọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, á sì dákẹ́.

Àìsàn àyà mú un lọ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1959. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Kúlúsúmù àti Lùkúmàn. Kò rí ọmọ-ọmọ.

Ó fi Ṣẹ̀rífátù náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá Bàdírù wọ ọkọ̀ wá, ó jókòó ti Àwẹ̀ró. Ó ní: "Ọmọ kan ni mo bí. Méjì ló kú fún mi."

Múdàṣírù, kí Ọlọ́run fẹ sàréè rẹ lójú. Kí Ó jẹ́ kí ìwọ àti Bàdírù pàdé ní àlìjánnà. Sinmi o.