Kí Ìbọn Tó Dún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Asárémáwẹ̀yìn,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń jẹun? Bá mi kí àbúrò ìyá rẹ tó gbà ọ́ sílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí wá. Ọlọ́run á bá wa san án fún un. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà, àfi ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí, nítorí ibùsùn ńlá kan tí mò ń kàn lọ́wọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o ò sáré mọ́, pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tó fi gbéra kí ìbọn tó dún, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kà á, n kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò lè gbé e mì mọ́.

O rántí bí a ṣe ń ṣe é lẹ́yìnkùlé láràárọ̀ fún ọdún méjì. Èmi á ní, "Ó yá, múra," màá dákẹ́ díẹ̀, màá wá gbá àgékù pákó méjì mọ́ra, gbà! Ìwọ á sì fò dìde. A ò ní ìbọn, pákó la ní, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ ìdíje eré ọgọ́rùn-ún mítà náà, a fi pákó yẹn dánra wò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn pápá kí wọ́n tó pè yín. Mo sì mú un dání lọ dúró létí wáyà, lẹ́yìn yín gan-an.

Àyà mi ń lù kì kì kì bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sáré. Nígbà tí ọkùnrin tó ń fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ eré ní, "Ẹ múra," tó sì dákẹ́, ọwọ́ mi parí ohun tó mọ̀. Mo gbá pákó mọ́ra. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ gbá a. O gbéra, wọ́n na káàdì pupa sí ọ, o ká ọwọ́ lérí, o sì rìn kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Mo ju pákó náà sí gọ́tà. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí kóòṣì rẹ ní, "Bàbá, ọmọ yìí ò ní ìfọkànbalẹ̀," mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá gidi nìyẹn, àbí? Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Gbọ́ ohun tí mo rí, torí ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Ọmọbìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ ń gbọ̀n, èyí tó wà lósì ò yéé tún ẹsẹ̀ tò. Ìwọ nìkan lo dúró jẹ́ẹ́, tí o ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìró tí ara rẹ ti mọ̀ fọ́dún méjì ló gbọ́, ó sì dá a lóhùn. Ìwọ kọ́ lẹ̀rù bà, èmi ni.

Lánàá mo lọ bá kóòṣì, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí wọ́n fi káàdì yẹn hàn." Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rí i rín. Ó ní eré ìkẹyìn tí wọn yóò fi yan ẹgbẹ́ bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní, òun á sì fi orúkọ rẹ sí i tí o bá ti dé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, kí òun lè fi ìbọn gidi kọ́ ọ. Tí o ò bá wá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

N kò ní sọ pé kí o má bẹ̀rù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí, síbẹ̀ ẹ̀rù ló mú ọwọ́ mi gbá pákó. Tó bá dé, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Máa mí bí o ṣe ń mí lọ́jọ́ yẹn, kí o sì máa retí ìró ìbọn nìkan. O mọ̀ ọ́n ṣe. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o bá sì pinnu pé o ò sáré mọ́, kó jẹ́ pé eré ló sú ọ, kó má jẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún wa, kó fi ọkàn rẹ balẹ̀, kó sì mú ẹsẹ̀ rẹ dé ibi rere.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Káfíńtà.

Àfikún: Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀, kò bá mi sọ ju "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ. Ó ní tí o bá wá sáré, òun lòun máa wọ pápá lọ jókòó, kí èmi dúró sí ẹnu géètì títí eré á fi parí. Mo gbà. Tí mo bá gbọ́ ìbọn, màá rọra ka oókan dé ẹẹ́tàlá, màá sì mọ̀ pé ọmọ mi ti sáré dé òpin, ipò yòówù kó ṣe.